Ẹ̀rọ Ìlọta Aláfọwọ́yí: Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Nílé

Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù mẹ́ta yìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó wà ní ilé ìdáná ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó ti tú u wò rí. Ohun náà ni ẹ̀rọ ìlọta aláfọwọ́yí, èyí tí a máa ń dè mọ́ etí tábìlì tàbí bẹ́ǹṣì, tí a fi ń lọ àgbàdo, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà, ata gbígbẹ àti kọfí.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Màmá kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń ṣe àádùn tà. Wọn a yan àgbàdo, wọn a lọ ọ́ nínú ẹ̀rọ wọn, wọn a sì fi epo pupa àti iyọ̀ pò ó. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń rà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó yá, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé nǹkan kan ń dún bí iyanrìn lábẹ́ eyín àwọn. Màmá fi asẹ́ jọ ìyẹ̀fun náà, kò yí padà. Wọ́n ra àgbàdo lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kò yí padà. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ọjà kù.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú àpò wá sí ọ́fíìsì wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tà á fún àwọn tí ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù, kí ẹgbẹ́ sì yá àwọn lówó ra tuntun. A ní kí wọ́n fara balẹ̀ ná. A tú ẹ̀rọ náà sórí tábìlì. Kò ju ohun méjì lọ tí a bá níbẹ̀: eyín irin tí ń lọ nǹkan ti jẹ tán, ìyẹ̀fun àtijọ́ sì ti gan mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kan nínú irin náà, tí ó fi fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí irin wá ń ha irin. A mú òòfà tí a yọ lára rédíò àlòkù, a wé ọ̀rá fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, a sì ń fà á kiri nínú ìyẹ̀fun tí Màmá mú wá. Nígbà tí a gbé e sókè, eruku dúdú ti lẹ̀ mọ́ ọn bí irùngbọ̀n. Màmá pariwo, wọ́n ní, “Ẹ gbà mí o! Irin ni mo ń fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ!”

Wọn kò yá owó mọ́. Irin eléyín méjì ni wọ́n rà, ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. A rò ó pé ẹ̀rọ bí irú èyí pọ̀ nílé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, bóyá ní ilé tiwa gan-an pàápàá.

ỌLỌ NI, ỌMỌ ỌLỌ NI

Kò sí ẹni tí kò mọ ọlọ àti ọmọ ọlọ láàrin wa. Ọlọ dúró sójú kan, ọmọ ọlọ ni ó ń rìn lórí rẹ̀, ohun tí ó bá há sí àárín méjèèjì ni ó ń kúnná. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé bí ojú ọlọ bá ti ń dán, kò lè lọ nǹkan mọ́. Wọn a mú òkúta líle, wọn a fi gún ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ títí yóò fi tún mú.

Ohun kan náà ni ó wà nínú ẹ̀rọ aláfọwọ́yí. Irin pẹlẹbẹ roboto méjì ni, wọ́n sì la eyín sí ojú àwọn méjèèjì. Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ ń pè wọ́n ní pléètì. Ọ̀kan dúró sójú kan lára ẹ̀rọ bí ọlọ. Èkejì ń yí bí ọmọ ọlọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ìlọkọfí tí àwọn òyìnbó ń lò nílé wọn rí. Ìdílé Peugeot ní ilẹ̀ Faransé, tí a mọ̀ mọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lónìí, ti ń ṣe ẹ̀rọ ìlọkọfí láti ọdún 1840, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ayé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé irin ti kọfí sábà máa ń rí ṣóńṣó, tí ó sì ń yí nínú òrùka irin eléyín, nígbà tí tiwa jẹ́ pẹlẹbẹ. Ọgbọ́n kan náà ni: ojú méjì tí ó ní eyín, àlàfo díẹ̀ láàrin wọn, àti ohun tí yóò máa ti hóró síbẹ̀.

ÀWỌN Ẹ̀YÀ ARA RẸ̀

Bí ẹ bá dúró ti ẹ̀rọ yín, ẹ ó rí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Lókè ni àrọ wà, níbi tí a ń da hóró sí. Lábẹ́ àrọ ni ara ẹ̀rọ, tí ó ṣófo nínú. Ọ̀pá irin kan la inú rẹ̀ kọjá, tí a lọ́ ara rẹ̀ bí ìkarawun ìgbín. Ní ẹ̀yìn ọ̀pá yìí ni ọwọ́ tí a fi ń yí ẹ̀rọ wà. Ní iwájú ni pléètì méjèèjì wà: èyí tí kò yí kọ́ mọ́ ara ẹ̀rọ, èyí tí ń yí kọ́ mọ́ orí ọ̀pá. Irin kan tún gbá iwájú wọn mú, síkúrù ńlá kan sì wà láàrin rẹ̀. Síkúrù yìí ni a fi ń sún pléètì méjèèjì mọ́ra tàbí tí a fi ń fà wọ́n jìnnà síra. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ọmọ irin roboto kékeré kan wà láàrin orí ọ̀pá àti síkúrù náà kí ó má baà máa ha. Nísàlẹ̀ pátápátá ni irin tí ó gbá tábìlì mú wà.

Bí a bá ń yí ọwọ́, ọ̀pá lílọ́ náà ń kó hóró láti ìdí àrọ lọ sí àárín pléètì. Ẹ wo ojú pléètì dáadáa: eyín tí ó wà láàrin gùn, ó sì jìn, èyí tí ó wà létí kéré, ó sì súnmọ́ra. Ti àárín ni ó ń fọ́ hóró sí wẹ́wẹ́; ti etí ni ó ń sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Láti àárín ni oúnjẹ ti ń rìn bọ̀ sí etí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń já bọ́ sínú abọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí eyín etí rẹ̀ ti jẹ kò fi lè lọ nǹkan kúnná, bí a tilẹ̀ fún síkúrù rẹ̀ títí ọwọ́ fi bó. Fífún un ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í mú kí oúnjẹ kúnná. Irin ni ó ń mú kí ó máa jẹ irin.

BÍ A ṢE Ń TÚ U

Iṣẹ́ tí ọmọdé tí ó ti gbọ́n lè ṣe ni, ṣùgbọ́n kí àgbà wà nítòsí. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa to ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹ ṣe yọ ọ́, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tò ó padà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ wá sí òsì, kò sì sí èyí tí yóò ṣẹ́kù.

Ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì tí ó di síkúrù iwájú mú, kí ẹ wá dẹ síkúrù náà. Ẹ yọ irin tí ó gbá iwájú mú. Bí ọmọ irin roboto bá wà níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ gbà á, kí ó má baà yí lọ sábẹ́ àpótí. Ẹ yọ ọwọ́ kúrò lẹ́yìn, kí ẹ sì fa ọ̀pá jáde láti iwájú pẹ̀lú pléètì tí ń yí. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ pléètì tí kò yí. Bí ó bá gan, ẹ má ṣe fi òòlù gbá a, nítorí irin yíyọ́ ni, fífọ́ ni yóò fọ́. Ẹ da omi gbígbóná sí i, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì fi igi tì í láti ẹ̀yìn.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn pléètì àti ibi tí ó jókòó sí lára ẹ̀rọ ni kí ẹ fọ̀ jù. Ẹyọ ìyẹ̀fun gígan tí kò ju èékánná lọ ti tó láti mú kí pléètì fì. Ẹ sá wọn sí oòrùn títí wọn yóò fi gbẹ dáadáa. Kí ẹ tó tò wọ́n padà, ẹ fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa ara wọn, kí wọ́n má baà dógùn-ún. Ẹ má ṣe fi ọ́ìlì ọkọ̀ tàbí gírísì mẹ́káníìkì sí ibikíbi tí oúnjẹ ń gbà kọjá.

ÀÌSÀN RẸ̀ ÀTI OÒGÙN RẸ̀

Èkínní, bí kò bá lọ nǹkan kúnná mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn pléètì bóyá ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Bí ó bá mọ́, ẹ fi ìka pa eyín etí rẹ̀. Bí ó bá ń yọ̀ bí ìdí ṣíbí, ó ti jẹ tán nìyẹn. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi tuntun lu ògbólógbòó, èyí tí ó ti jẹ yóò ba tuntun jẹ́, kò sì ní lọ nǹkan dọ́gba. Ẹ mú ògbólógbòó dání lọ sí ọjà, kí ẹ fi wọn ti tuntun: fífẹ̀ wọn, ihò àárín, àti ibi tí ó ti ń kọ́.

Èkejì, bí ọwọ́ bá ń yí ṣùgbọ́n tí nǹkan kan kò jáde. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ nìkan ni ó ń yí tí ọ̀pá kò yí. Síkúrù kékeré tí ó dè wọ́n pọ̀ ni ó dẹ̀. Bí ọ̀pá bá ń yí, ó lè jẹ́ pé hóró ti há ara wọn mọ́ ìdí àrọ. Igi ni kí ẹ fi tì í, kì í ṣe ìka. Bí ó bá sì jẹ́ ohun tútù tàbí ohun ọlọ́ràá bí ẹ̀gúsí ni ẹ ń lọ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá. Ẹ tú u, kí ẹ fọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá le láti yí. Ẹ dẹ síkúrù, kí ẹ lọ ọ́ ní wóró-wóró lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wá fún un mọ́ra kí ẹ tún lọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àgbàdo yíyan kúnná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èjìká rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kúnná. Ẹ ṣa òkúta kúrò nínú hóró kí ẹ tó dà á sínú àrọ.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀pá bá ń mì sọ́tùn-ún sósì. Ihò tí ó ń yí nínú rẹ̀ ti fẹ̀. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gé irin roboto lè fi bọ́ọ̀ṣì idẹ sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́, nítorí ọ̀pá tí ń mì ni ó ń mú kí pléètì máa gbá ara wọn.

Ẹ̀karùn-ún, bí ara ẹ̀rọ bá là. Ẹ má ṣe gbé e lọ fún wẹ́dà tí ń jó irin géètì. Irin yíyọ́ kì í gba irú jíjó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó ni yóò tún là. Ẹ wá ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń fi idẹ jó o.

Ẹ̀kẹfà, bí ẹ̀rọ bá ń sá lórí tábìlì. Ẹ gé rọ́bà tíúbù táyà àlòkù, kí ẹ fi sí àárín irin ìdè àti igi tábìlì. Bí igi ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti là, iṣẹ́ káfíńtà ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

NÍPA KỌFÍ

Ọkọ Màmá aláàdùn tí a sọ̀rọ̀ wọn ní oko kọfí díẹ̀ ní ìhà Kàbà. Bàbá náà sọ fún wa pé láti ọjọ́ tí àwọn ti ń gbin kọfí, inú agolo ni kọfí tí àwọn ń mu ti ń wá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá. Ilẹ̀ wa ń so kọfí: Robusta ń ṣe dáadáa ní ilẹ̀ tí kò ga, Arabica sì wà lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Tàrábà. Kọfí wà lára irè tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, ń ṣe ìwádìí lé lórí. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbìn ín kì í sábà tọ́ ọ wò.

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ aláfọwọ́yí lè ṣe tirẹ̀ nílé. Ẹ má ṣe lọ kọfí tí a kò tíì yan. Ó le púpọ̀, ó sì lè ba eyín ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ yan hóró rẹ̀ nínú agbada gbígbẹ lórí iná tí kò le jù, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ta pàrà-pàrà, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Nígbà náà ni yóò máa fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ pléètì láìfi agbára mú un. Bí ẹ bá fẹ́ sè é nínú ìkòkò, kí ó rí bí gààrí tí ó kúnná ti tó. Ìwọ̀n tí ẹ ó mu ní ọjọ́ díẹ̀ ni kí ẹ lọ̀, nítorí kọfí tí a ti lọ̀ kì í pẹ́ pàdánù òórùn dídùn rẹ̀.

Kọfí ní ọ̀rá nínú, ọ̀rá náà sì máa ń kan lára irin. Kí ẹ tó lọ nǹkan mìíràn, ẹ lọ ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì gbígbẹ kan, kí ẹ sì dà á nù. Bí ó bá sì jẹ́ ata ni ẹ sábà ń lọ nínú ẹ̀rọ yín, ẹ wá òmíràn fún kọfí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó sin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àwọn kan yóò béèrè pé, “Bílẹ́ńdà ńkọ́?” Bílẹ́ńdà kì í lọ nǹkan, gígé ni ó ń gé e. Abẹ ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí àlàfo tí a lè wọ̀n. Ìdí nìyí tí apá kan fi máa ń di eruku tí apá kan yóò sì ṣì jẹ́ wóró. Ó dára fún ata tútù. Bí ẹ bá fẹ́ fi lọ ohun gbígbẹ, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa sinmi láàrin, kí mọ́tò rẹ̀ má baà jóná. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára iná kí ẹ tó fi ọwọ́ kan abẹ rẹ̀.

IRIN NÍNÚ OÚNJẸ

A tún padà sí ọ̀rọ̀ tí ó gbé wa dé ibí. Àwọn onímọ̀ ní àwọn yunifásítì wa ti yẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀rọ onípléètì lọ̀ wò, wọ́n sì ti bá irin wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ara nílò irin tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀fọ́ àti ẹran. Kò nílò èyí tí ó bó lára ẹ̀rọ. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ máa ṣe:

Bí ẹ bá ra pléètì tuntun, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ lọ àgbàdo gbígbẹ tí kò wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ sì da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ má ṣe fi fún adìẹ.

Ẹ má ṣe yí ẹ̀rọ nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Oúnjẹ tí ó wà láàrin pléètì ni kì í jẹ́ kí irin fara kan irin.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ dẹ síkúrù. Ẹ má ṣe fi pléètì sílẹ̀ ní fífún mọ́ra di ọjọ́ kejì.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi òòfà tí ẹ wé ọ̀rá mọ́ yẹ ìyẹ̀fun yín wò. Bí eruku dúdú bá pọ̀ lára rẹ̀, ẹ tú ẹ̀rọ yín. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni ẹ lè fi òòfà yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tútù ni ẹ sábà ń lọ̀, ojú pléètì ni kí ẹ máa wò.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí a lọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní ọdún 1844, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da owó pọ̀, wọ́n ṣí ilé ìtajà tiwọn. Ìyẹ̀fun wà lára ọjà tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Ní ayé ìgbà náà, àwọn oníṣòwò kan a máa da ohun mìíràn mọ́ oúnjẹ. Wọn a lọ gbòǹgbò yíyan tí a ń pè ní chicory mọ́ kọfí, nítorí pé ohun tí a bá ti lọ̀, ojú kò lè dá a mọ̀ mọ́. Àwọn ará Rochdale pinnu pé ojúlówó ni àwọn yóò máa tà fún ara àwọn. Láti ibẹ̀ ni òkìkí wọn ti kàn. Ní ọdún 1935, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ṣòro. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka iye ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ yìí, kí wọ́n sì kọ irú rẹ̀ àti ìwọ̀n pléètì rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ para pọ̀ ra pléètì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìpamọ́ ẹgbẹ́. Kí ẹgbẹ́ ní sípánà kan, búrọ́ọ̀ṣì kan àti òòfà kan tí ẹnikẹ́ni lè yá. Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí ẹnì kan gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, kí ẹ tú u lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì tò ó padà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Màmá aláàdùn ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò wá ṣe é fún ẹgbẹ́ tí ó bá pè wọ́n. Òòfà náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Orí ìṣó létí àrọ ni wọ́n fi kọ́ sí. Wọ́n ní kí a tó ra ọjà lọ́wọ́ àwọn báyìí, àwọn oníbàárà kan a máa ní kí àwọn fà á nínú ìyẹ̀fun kí àwọn rí i, àwọn a sì fà á.